Àwọn tó ń báni ta ilé l'Óṣogbo: ta ló lè kojú oníbàárà oníranù?

Ẹni tó bá fẹ́ ta ilé l'Óṣogbo kò níṣòro àtirí ẹni tó máa wá wò ó. Ẹ kàn kọ "Ilé yìí wà fún títà" sára fẹ́ǹsì ní Ọ̀tà-Ẹ̀fun tàbí Òkè-Baálẹ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan á ti máa kan géètì. (Àwọn tí kò fẹ́ ta tiwọn ló ń kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀" gàdàgbà sára ògiri. Wọ́n mọ ohun tójú wọn rí.) Irú èèyàn tó ń kan géètì yẹn gan-an ni wàhálà: ẹni tó yọ ìdajì owó tí ẹ pè, ẹni tó kó èèyàn mẹ́jọ wá wo yàrá mẹ́ta, ẹni tó san àsansílẹ̀ díẹ̀ tó sì ti ń wó ògiri kíṣìnì. Nítorí náà, nínú àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ń báni ta ilé yìí, a ò ní í béèrè ẹni tó tètè ń rí oníbàárà. Gbogbo wọn ló ń rí i. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni pé, nígbà tí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ ìranù, ẹ̀yìn ta ni wọ́n ń wà?

Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni ajẹ́ńtì àdúgbò, ẹni tó gbé pátákó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ní fóònù méjì lọ́wọ́, tí WhatsApp status rẹ̀ kì í sinmi láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ ó rí wọn ní Òkè-Fíà, Ọláìyá, Ìgbónà, Alékùwodò, títí dé ọ̀nà Àbéré. Èkejì ni estate surveyor, ìyẹn ẹni tó kàwé nípa títà ilé àti ìdíyelé rẹ̀, tó ní nọ́ńbà àti èdìdì ESVARBON, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni lọ́yà. Íntánẹ́ẹ̀tì kò sí lára wọn lójú tiwa. Ojú ọjà lásán ni, kì í báni dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ajẹ́ńtì àti iléeṣẹ́ estate surveyor sábà máa ń béèrè láti orí 5 dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, lọ́yà sì ń gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ná.

Wíwo ilé

Ibí ni ajẹ́ńtì àdúgbò ti máa ń já èèyàn kulẹ̀ jù, kì í sì í ṣe pé èèyàn burúkú ni. Bí owó ṣe ń wọlé fún un ló fà á. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó ìwò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rí ilé, yálà ó fẹ́ rà á ní tòótọ́ tàbí ó kàn ń wòran kiri. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wò ó, owó mẹ́wàá ló wọlé, bí ilé ò tiẹ̀ tà. Kí ló máa wá mú un bi wọ́n léèrè iye tó wà lápò wọn? Ẹ ó kàn rí ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀, àbúrò ìyàwó, pásítọ̀, bíríkìlà àti ọmọ mẹ́ta ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sunday, nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lára yín. Ní Oṣù Kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, àti ìparí ọdún tí àwọn ará ìta wálé, ó tún máa ń peléke.

Ohun tó rọrùn tó lè tán an ni kí ẹ ti kọ́kọ́ bá ajẹ́ńtì ṣàdéhùn pé kò ní í gba owó ìwò lórí ilé yín, kí ẹ sì mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bí Saturday láti aago mẹ́wàá sí aago kan. Èèyàn mẹ́ta péré ni kó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn gbọ́dọ̀ ti dé ọwọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ ń ṣe èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí. Ajẹ́ńtì àdúgbò tó bá bínú sí i ti sọ ohun tó ń lé fún yín nìyẹn.

Ti bíríkìlà tí oníbàárà mú wá, ẹ má lé e. Ẹni tó fẹ́ ná mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń rà. Kó fi ìka kan ògiri kó gbọ́ bóyá rẹ́ńdà ti ṣí kúrò lára blọ́ọ̀kù. Kó wo igun wíńdò: ìlà tín-ín-rín inú rẹ́ńdà kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá gba igun wíńdò lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí etí owó ẹyọ wọ inú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìpìlẹ̀ ti máa rì. Kó wo ìsàlẹ̀ ògiri. Bí ọ̀dà bá ń wú tó sì ń bó láti ilẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún, omi ilẹ̀ ló ń gòkè, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ògiri nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Kó gun òkè sílìn wo igi òrùlé bóyá ikán ti wọ̀ ọ́. Kó tan pọ́ńpù bóhòlù fún ìṣẹ́jú 30, kó mọ̀ bóyá omi á já. Kó ṣí ìdérí sókàwéè. Bí ilé bá sún mọ́ odò, pàápàá lágbègbè Gbódòfọ́n, ẹ má bá a jà tó bá ní òun fẹ́ wá wò ó lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀. Orí rẹ̀ pé ni.

Ibi tí ìranù ti bẹ̀rẹ̀ ni kó yọ òòlù, kó máa fọ́ rẹ́ńdà pálọ̀ "láti rí ojú blọ́ọ̀kù", tàbí kó gbẹ́ ihò sẹ́bàá ìpìlẹ̀ láìgbàṣẹ, kó wá bá tirẹ̀ lọ láìdí i. Estate surveyor tó mọ ohun tó ń ṣe máa ń pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ojú nìkan, kò sí irinṣẹ́. Ìgbà kejì, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti kọ iye tó fẹ́ san sílẹ̀, àwọn oníṣẹ́ lè wá, ẹni tó bá sì fọ́ nǹkan ló máa tún un ṣe, ó ti buwọ́ lù ú.

Òṣogbo ni a wà, oníbàárà ò ní í ṣe kó má mú ààfáà, wòlíì tàbí babaláwo wá. Kí wọ́n gbàdúrà lẹ́nu géètì, àmín náà là ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí èyí tó fẹ́ bu erùpẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé lọ, èyí tó fẹ́ da òróró sára ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, àti èyí tó burú jù, ẹni tó fẹ́ sùn mọ́jú kó lè "rí ohun tí ilé náà ń sọ". Kí ẹnikẹ́ni má sùn síbẹ̀. Ẹni tó ti sun ilé kan mọ́jú, tí àwọn ará àdúgbò rí i tó ń fọ ẹnu níta láàárọ̀, kò ní í pẹ́ kó tó máa sọ pé ẹ ti fi ilé lé òun lọ́wọ́. Ìran tí wọ́n bá sì rí, orí owó ló máa ń já sí: "Dádì, wọ́n ní ilé yìí ń fẹ́ ètùtù o. Ẹ jẹ́ ká yọ owó ètùtù kúrò nínú iye tí ẹ pè."

Lórí èyí, a gbọ́dọ̀ yin ajẹ́ńtì àdúgbò, pàápàá àwọn àgbà inú wọn. Lọ́yà á fi rẹ́rìn-ín, estate surveyor á dákẹ́, ṣùgbọ́n baba tó ti ń ṣe ajẹ́ńtì tipẹ́ mọ èsì rẹ̀: "Àlàájì, ẹni tó ń kó wọlé ló ń ṣètùtù, ẹni tó ń kó jáde ti ṣe tiẹ̀." Ọ̀rọ̀ parí.

Ti sàréè kì í ṣe àwàdà. Nínú àwọn ilé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun àti àyíká Ọjà-Ọba, sàréè lè wà ní gbàgede tàbí nínú yàrá pàápàá. Ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó fi ojú ibẹ̀ hàn, kó sì kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì. Bí ẹ bá fi pamọ́, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, tí oníbàárà gbà, tó tún padà wá lóṣù mẹ́ta ní kí ẹ wá hú baba yín lọ, ìwé yẹn ló máa dá a lóhùn.

Owó yíyọ

Ẹ pe mílíọ̀nù 30 náírà, oníbàárà ní 12 lòun máa san. Ẹ má bínú. Ẹni tó ti ń nájà ní Ọjà-Ọba láti kékeré, báyìí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àlàyé tó máa ń tò tẹ̀lé e ló ń dùn mọ́ wa. Ó á ní ilẹ̀ ládùúgbò yín jẹ́ iye báyìí, ó á ka blọ́ọ̀kù, ó á ní "blọ́ọ̀kù àtijọ́" ni. Ó dára, ká kà á. Nǹkan bí blọ́ọ̀kù 10 ló ń wọ mítà onígun mẹ́rin ògiri kan. Ògiri tó gùn ní mítà 12 tó sì ga ní mítà 3 yóò gba nǹkan bí 360, kí ẹ tó yọ ilẹ̀kùn àti wíńdò kúrò. Ṣùgbọ́n kò ní í ka irin, kọnkéré ìpìlẹ̀, igi òrùlé, páànù, sílìn, táìsì, wáyà, páìpù, bóhòlù àti owó oníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ wọn ju owó blọ́ọ̀kù lọ fíìfíì. Ìwé ìdíyelé tí estate surveyor lu èdìdì sí ló ń pa irú ẹnu bẹ́ẹ̀ mọ́, torí pé báńkì pàápàá ń gbà á. Ajẹ́ńtì àdúgbò ò lè kọ ọ́. Ohun tó máa sọ ni pé "ẹ tún un yọ díẹ̀ sí i, Bọ̀dá", kó tó wá sọ́dọ̀ yín láti wá sọ pé "Màmá, ọjà ò yá o, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀."

Kí ló dé tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé iṣẹ́ fún un? Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí owó iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ilé mílíọ̀nù 30 bá já wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 28, mílíọ̀nù 2 ló bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 100 náírà péré ló bọ́ lọ́wọ́ tirẹ̀. Ó sàn fún un kí ilé tà lónìí ju kó jà fún yín fún oṣù méjì lọ. Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ dá iye kan sílẹ̀ tí ẹ kò ní í gba ohun tó bá kéré sí i, kí ẹ fún un ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye náà, kí ẹ wá fún un ní 15 tàbí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ohunkóhun tó bá lé lórí rẹ̀. Ẹ ó rí i bí ahọ́n rẹ̀ ṣe máa yí padà.

Ìwà kejì tún wà tó jẹ́ ti ajẹ́ńtì fúnra rẹ̀: ẹ pe 25, ó lọ pe 28 fún oníbàárà, kó lè kó 3 tó wà láàrin sápò. Òun náà ló máa ń sọ pé oníbàárà ò fẹ́ rí onílé. Kí ẹnikẹ́ni má gba kọ́bọ̀ kó tó di pé onílé àti ẹni tó ń rà jókòó pọ̀, kí wọ́n gbọ́ iye kan náà létí ara wọn, ní ọ́fíìsì lọ́yà.

Oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè náà ní tirẹ̀. Ó á pè yín lórí fídíò ní aago méjì òru nítorí pé wọn ò tíì sùn ní Amẹ́ríkà, ó á ní kí ẹ gbé fóònù wọ gbogbo kọ̀rọ̀ bọ́ìsì-kọ́tà. Ìyẹn ò le. Ẹ ya fídíò kan tó pé: láti orí títì wọlé, yíká fẹ́ǹsì, gbogbo yàrá, òkè sílìn, mítà iná, kànga àti sókàwéè, kí ẹ fi ránṣẹ́, kó yé. Èyí tó le ni àbúrò rẹ̀ tó wà nílé, tó máa ń wá bá yín ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ẹ kọ mílíọ̀nù 33 sínú rìsíìtì dípò 30. Ẹ má gbà, bó ti wù kí ajẹ́ńtì rọ̀ yín tó. Yàtọ̀ sí pé jìbìtì ni, bí ọjà náà bá dàrú lọ́la, mílíọ̀nù 33 ni wọ́n máa ní kí ẹ dá padà, ìwé yín ló sì máa jẹ́rìí.

Àwọn tó máa ń wọ̀n ilẹ̀ tún ń bẹ. Wọ́n á gbé tépù wá, wọ́n á ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lẹ pè é, bẹ́ẹ̀ 48 làwọn rí, kí ẹ dín owó kù. Fẹ́ǹsì kì í fi gbogbo ìgbà tẹ̀ lé ààlà. Ìwé sáfè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà, ni kí ẹ gbé kalẹ̀, kí wọ́n wá òpó kọnkéré onínọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí, kí wọ́n sì wọ̀n láti ibẹ̀. Pulọ́ọ̀tì kan tó pé jẹ́ nǹkan bí 464 mítà onígun mẹ́rin, ìwé sáfè á sì ti kọ ọ́ sí mítà. Bó bá dín lóòótọ́, ẹ dín owó kù.

Lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti bọ ọwọ́ ni ìjà kékeré máa ń bẹ̀rẹ̀: tánkì omi, pọ́ńpù, ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀, kọ́tìnnì, dórí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí òfin mọ̀ ni pé ohun tó bá ti lẹ̀ mọ́ ilé ń bá ilé lọ, àyàfi bí ẹ bá kọ ọ́ pé kò bá a lọ. Nítorí náà ẹ kọ ọ́. Ìwé kan tí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù tó fún un. (Ká má parọ́, àwọn onílé kan náà ń ṣe é: wọ́n tú gílóòbù, wọ́n tú ẹnu ẹ̀rọ omi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tú àwòrán ògiri.)

Láàrin àsansílẹ̀ àti ìyókù

Bí ẹ bá fẹ́ ná owó kan ṣoṣo nínú gbogbo ètò yìí, ibí ni kí ẹ ná an sí, ọwọ́ lọ́yà sì ni. Ìdí ni pé ibí ni ìranù oníbàárà ti lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni. Lábẹ́ àṣà wa, bí owó bá ti kọjá lójú ẹlẹ́rìí, tí wọ́n sì ti fi ẹni tó rà á mọ ilé, ọjà ti tà. Ilé-ẹjọ́ kì í sì í fojú kékeré wo ẹni tó ní rìsíìtì lọ́wọ́ tó sì ti wà nínú ilé. Oníbàárà gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó á san mílíọ̀nù 5 nínú 30, ó á ní "Màmá, ẹ yá mi ní kọ́kọ́rọ́, kí n kàn kó sìmẹ́ǹtì díẹ̀ síbẹ̀." Lọ́jọ́ kejì, àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu géètì. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti wó ògiri kíṣìnì. Lóṣù kejì, ó ti ń fi ilé han ẹlòmíràn ní mílíọ̀nù 36, owó ẹni yẹn ló sì fẹ́ fi san ìyókù yín. Ajẹ́ńtì àdúgbò ló máa ń bẹ̀ yín pé kí ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, torí pé ó fẹ́ kí ọkàn oníbàárà balẹ̀.

Ìwé àsansílẹ̀ tó péye máa ń sọ iye tí ilé jẹ́, iye tó san, iye tó kù, ọjọ́ tí ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá wọlé àti iye tí ẹ máa yọ nínú owó rẹ̀ kí ẹ tó dá a padà. Ó gbọ́dọ̀ sọ kedere pé kò sí kọ́kọ́rọ́, kò sí iṣẹ́ ilé, kò sí àǹfààní àtità á fún ẹlòmíràn títí owó á fi pé. Rìsíìtì tí wọ́n kàn kọ "owó ilé" sí, láìsọ pé àsansílẹ̀ ni, ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ èyí gan-an ni ajẹ́ńtì máa ń rà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí á fi ránṣẹ́ sí yín. Òfin àwọn lọ́yà pàápàá kò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti máa gbowó kọ ìwé ilé àti ilẹ̀ fúnni.

Nípa owó fúnra rẹ̀, alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, tàbí kí ẹ pe báńkì, kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun. Ẹni tó ń kánjú pé "ẹ buwọ́ lù ú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fà á", ẹ jẹ́ kó dúró ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Ẹni tó gbé owó sínú Ghana-must-go wá, tó ní òun ò fẹ́ báńkì, ẹ má gbà á. Òfin tó ń dènà fífọ owó ìdọ̀tí, ti ọdún 2022, kò gba ẹnì kan láyè láti san owó ọwọ́ tó ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, tàbí kí iléeṣẹ́ san ju mílíọ̀nù 10 lọ, láìgba báńkì kọjá, ó sì kan ẹni tó gbà á náà. Èyí ni lọ́yà àti iléeṣẹ́ tó mọṣẹ́ fi ń kọ irú owó bẹ́ẹ̀. Ajẹ́ńtì tó bá ní "owó ni gbogbo rẹ̀" kò sí nílé bí wàhálà bá dé.

Ti ìwé, ẹ̀dà ni kí oníbàárà rí, kí ẹ fi gègé fa ìlà kọjá rẹ̀, kí ẹ kọ "fún wíwò nìkan" sí i. Ojúlówó kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú yín, bó ti wù kó sọ pé òun fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Àbéré tó. Nọ́ńbà ìwé tó wà lára ẹ̀dà tó fún un láti ṣe ìyẹn. Ìranù tó wọ́pọ̀ jù lórí ìwé ni èyí: ilé onírìsíìtì àti sáfè ni ẹ pè é, owó onírìsíìtì àti sáfè ni ẹ pè, ó gbà, ó tún padà wá ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, lòun ń fẹ́ ní iye yẹn náà. Èkejì rẹ̀ ni ẹni tó ní kí ẹ lọ gba àṣẹ gómìnà wá ná, òun á wá sanwó. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Àṣẹ tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ń béèrè fún ní abala 22, lórí pé ẹ fẹ́ gbé ilé fún ẹnì kan ni. Orúkọ ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìbéèrè náà. Ohun tí ó tọ́ kí ẹ jọ dúnàádúrà lé lórí ni ẹni tó máa san owó rẹ̀. A ò tíì rí ajẹ́ńtì àdúgbò tó mọ èyí ṣàlàyé.

Bó bá jẹ́ ilé ẹbí, oníbàárà tó gbọ́n lágbọ́njù máa ń wọ ẹ̀yìnkùlé lọ bá ẹni tí inú ń bí nínú ẹbí, kó lè rà á lọ́pọ̀. Olórí ẹbí àti àwọn aṣáájú ọmọ láti ìdílé kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ jọ buwọ́ lù ú. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìbá àwọn aṣáájú sọ, wọ́n lè lọ tú u ká nílé-ẹjọ́. Ẹ tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó máa buwọ́ lùwé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi han oníbàárà. Bó bá rí orúkọ méje, á mọ̀ pé àbúrò kan ṣoṣo ò lè dá a tà.

Bí ayálégbé bá wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà máa wọlé halẹ̀ mọ́ wọn kó tó sanwó. Ayálégbé tó ń san ọdọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù 6, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Onílé ló ń fún wọn ní ìkìlọ̀, kì í ṣe ẹni tó ń wò ó.

Ta ni kí ẹ gbé e fún

Fún bọ́ńgálò tàbí petéèsì ní Dada Estate, Ògo-Olúwa tàbí GRA, ẹ gbé títà fún estate surveyor, ẹ wò ó pé nọ́ńbà ESVARBON rẹ̀ wà lára ìwé iléeṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ gbé ìwé fún lọ́yà tí kì í ṣe ti oníbàárà. Owó wọn ga, ṣùgbọ́n lórí wíwo ilé, iye àti ìwé, wọ́n kún ojú ìwọ̀n. Àléébù wọn ni pé wọn kì í yára, wọn ò sì mọ àwọn tó ní owó ládùúgbò bí ajẹ́ńtì ṣe mọ̀ wọ́n.

Fún ilé ìkọjúsíra tàbí ilé ẹbí nínú ìlú, ajẹ́ńtì àdúgbò tó dàgbà, tí wọ́n mọ ilé rẹ̀, ló máa rí ẹni tó máa rà á. Estate surveyor á kàn máa fi ìwé ránṣẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó mú wọn wá, kó bá wọn sọ̀rọ̀ ètùtù àti sàréè, kó sì dúró síbẹ̀. Kó má fọwọ́ kan owó, ìwé tàbí kọ́kọ́rọ́. Ajẹ́ńtì ọ̀dọ́ tó jẹ́ WhatsApp nìkan ni ọ́fíìsì rẹ̀, tí kò lè sọ ibi tó ń gbé, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Fọ́tò ilé yín tó yà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè bá a níbòmíràn tí wọ́n fi ń polówó ilé tí wọ́n fẹ́ yá èèyàn.

Ibi kan wà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń kùnà: ọjọ́ ìfilélọ́wọ́. Bí owó bá ti wọlé, tí wọ́n sì ti gba tiwọn, ẹ ò ní í rí wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yẹn ni oníbàárà máa ń wá ìjà ìkẹyìn. Ẹ mú un dájú pé ìdá kan nínú márùn-ún owó ajẹ́ńtì máa wà lọ́wọ́ lọ́yà títí ìfilélọ́wọ́ á fi parí. Lọ́jọ́ náà, ẹ ka nọ́ńbà mítà iná IBEDC sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ẹ fi ìwé hàn pé kò sí gbèsè iná, ẹ tan pọ́ńpù, ẹ ka kọ́kọ́rọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó buwọ́ lu iye wọn, kí ajẹ́ńtì náà buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, kó tó gba owó rẹ̀ tó kù.